Ta Ni Yóò Ni Ajá Nígbà Tí Ilé-Ìwé Bá Wọlé?

Ní ojú ọ̀nà tí ó já sí ilé mi ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, wọ́n ta aṣọ gbàgàdà kan mọ́ ògiri ilé-ìwé aládàáni kan láti ìparí oṣù Agẹmọ, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé sọ́mà lẹ́sìn ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn òbí tètè wá fi orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀ kí àyè tó kún. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró kà á, òjò ń ya lu aṣọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ńlá tí wọ́n yà sí àárín rẹ̀ ń da omi lójú bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà, ìgbà tí oòrùn wọn bá ràn tí ara wọn sì yá lẹ́yìn òtútù ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni wọ́n ń pè ní sọ́mà. Àwa tí ẹ̀ẹ̀rùn tiwa jẹ́ ti ọyẹ́ àti eruku, tí a ń lo oṣù Agẹmọ àti oṣù Ògún lábẹ́ agboòrùn, tí aṣọ tí a fọ̀ lọ́jọ́ Ajé kì í gbẹ títí di Ọjọ́bọ̀, àwa náà ti yá orúkọ náà lò, a sì ti so lẹ́sìn mọ́ ọn nídìí, bí ẹni tí ó yá ẹ̀wù ẹlẹ́wù tí ó tún gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ pé kí ó bá òun gé e kúrú.

Ọmọ mi obìnrin, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ náà kàn mí, nítorí kò tí ì sọ ẹrù àwọn ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ tán láti inú ọkọ̀ tí ó fi kó wọn wá láti Èkó tí ó fi bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ ti bá wa wádìí iye tí wọ́n ń gbà ní lẹ́sìn yẹn?” Mo ní n kò wádìí, n kò sì ní í wádìí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ti ń bu omi sí láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ títí di oṣù Agẹmọ, ó yẹ kí a fi sílẹ̀ díẹ̀ kí omi náà lè rin ín wọlé. Àwọn ọmọ náà mẹ́ta ni: Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ẹdúnjọbí, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Ìdòwú, Èṣù lẹ́yìn ìbejì, ẹni ọdún mẹ́rin, tí ó jẹ́ pé bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé, kí àgbàlagbà kan dìde kí ó lọ wo ohun tí ó ń bàjẹ́. Ìyá wọn wò mí, ó wo ìyá tirẹ̀, ó ní, “Ó dáa, Bàbá. Kí ni wọn yóò wá máa ṣe láti àárọ̀ di alẹ́?” N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ni èsì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba abẹ́ géètì wọlé.

Aládùúgbò mi kan tí ó jẹ́ wẹ́dà ní abo ajá kan tí ó bí méje sí abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òkúdù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni ajá fi ń gbé oyún, bí ó bá sì bímọ, àwọn ọmọ náà kì í ríran, wọn kì í sì í gbọ́ràn, ojú wọn a wà ní dídì fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú ti là, tí ẹsẹ̀ sì ti ranlẹ̀, ni àwọn méje yìí ti sọ àgbàlá mi di ọjà tí wọ́n ń ná, tí ìyá wọn a sì máa wá fi ẹnu gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan padà sílé, ìyá ajá kan náà tí n kò rí kí ó ṣàánú òkété rí, nítorí ajá mọ ọmọ tirẹ̀ í fún lọ́mú, ó mọ ọmọ ọ̀yà í kì mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ìyá kò wá. Ọ̀kan nínú wọn, akọ, pupa rúsúrúsú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹni tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọlé, ó bá Ìdòwú lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àkàrà lọ́wọ́. Kí n tó jáde síta, wọ́n ti pín àkàrà náà jẹ dé ìdajì, ọ̀rọ̀ sì ti di ìmùlẹ̀. Mo gbé ajá náà lọ fún olówó rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ máa mú un. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó ti kúrò lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé oṣù Ògún la wà o!” A rẹ́rìn-ín, nítorí ta ni kò mọ̀ pé Ògún Lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, ajá ni ẹran ìbọ rẹ̀? Ọkùnrin tí irin ń bọ́, tí ó wá ń fi ajá ta ọmọdé lọ́rẹ nínú oṣù tí ó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ẹni tí ó ní ojú àánú ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn baba wa kì í sọ ajá ní orúkọ lásán. Ohun tí ènìyàn kò lè wo ojú aládùúgbò kí ó sọ, orúkọ ajá ni ó máa ń fi í sọ, tí yóò sì máa pe ajá náà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí lè máa gbọ́ ọ. Ajá baba mi, tí ó kú ní ọdún tí mo wọ ilé-ìwé, Ẹ̀yìnlàárò ni ó ń jẹ́, obìnrin kan sì wà nínú agbo-ilé wa tí kì í gba ẹnu-ọ̀nà wa kọjá ní àkókò tí baba mi bá ń pe ajá wá jẹun. Èmi náà fẹ́ sọ tiwa ní Ọ̀rọ̀pọ̀níkùn, kì í ṣe pé mo ní ẹnìkan lọ́kàn, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í mọ̀. Àwọn ìbejì ní Bíńgò ni àwọn fẹ́, bí ẹni pé ajá tí ó ń jẹ́ Bíńgò kò tí ì kún ilẹ̀ yìí tó. Àríyànjiyàn náà dé ọ̀sán kí a tó ṣàkíyèsí pé Ìdòwú kò bá wa dá sí i, pé ó ti wà ní ẹ̀yìnkùlé láti ọjọ́ yìí tí ó ń pe ajá náà ní Àkàrà, tí ajá sì ń jẹ́ ẹ. Àkàrà ni ó ń jẹ́ títí di òní. Bí mo bá sì dúró ní géètì ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń pe Àkàrà, Àkàrà, ìyá tí ó ń dín àkàrà ní ìkóríta a dá mi lóhùn pé, “Bàbá, ẹ ṣe sùúrù, epo kò tí ì gbóná.”

Ẹni tí kò bá tí ì kó ọmọ ènìyàn àti ọmọ ajá pọ̀ sí abẹ́ òrùlé kan nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kò tí ì mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, Àkàrà a ti máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè ṣí i fún un, a wá igun kan tí ó wù ú, a tọ̀ sí i, a sì jókòó ti ìtọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n ní kí ó ṣọ́ ẹrù. Ìdòwú, tí kì í wọ bàtà àfi bí a bá fi ipá wọ̀ ọ́ fún un, ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ariwo a sọ. Táíwò a ní kí Kẹ́hìndé lọ mú àkísà wá. Kẹ́hìndé, tí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ pé òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ni ó rán Táíwò ṣíwájú kí ó lọ tọ́ ayé wò, a ní àbúrò òun ni kí ó lọ. Ẹnu àríyànjiyàn àtayébáyé yìí ni wọn yóò sì wà títí ìtọ̀ yóò fi gbẹ.

Bí òjò bá ń rọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa máa ń jókòó sí, tí a ó máa jẹ àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, tí a ó máa pa awùsá, tí n ó sì máa pa àlọ́ Ìjàpá àti Ajá fún wọn, bí àwọn méjèèjì ṣe jọ lọ jí iṣu nínú oko olóko, tí Ajá mú ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ ká tí ó sì sá àsálà, tí ojúkòkòrò sì di Ìjàpá mọ́ abẹ́ ẹrù títí olóko fi dé. Mo ti pa àlọ́ yìí fún ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn tí ń gbọ́ mi yóò yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà, tí wọn yóò ní, “Àkàrà, ṣé o gbọ́? Má jí iṣu mọ́ o.” Àkàrà kì í gbọ́. Oorun ni ó máa ń sùn, nítorí ọmọ ajá a máa sùn tó wákàtí méjìdínlógún nínú ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa sáré lójú oorun; àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a lóṣòó yí i ká, wọn a máa bi ara wọn léèrè ohun tí ó ń lé. Bí ẹnìkan bá wà tí ó ti rí ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú láìjẹ́ pé ó ń wo tẹlifíṣọ̀n, kí ó wá sọ fún mi.

Ní àárín oṣù, òjò dáwọ́ dúró. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, ìsinmi kékeré tí òjò máa ń gbà nínú oṣù Ògún, nígbà tí àwọsánmà bá ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ìhà àríwá, kí ó tó tún padà wá bá wa nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Bí ohun kan bá wà ní ilẹ̀ wa tí ó jọ sọ́mà, òun ni: ojú ọjọ́ tutù, oòrùn kò mú, ilẹ̀ gbẹ tó ohun tí a lè tẹ́ ẹní sí, iṣu tuntun sì ti dé ọjà. Ẹ̀yìnkùlé ni a ń gbé. Ibẹ̀ ni Àkàrà ti pàdé àgbébọ̀ kan tí ó ń da ọmọ, tí àgbébọ̀ náà sì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan tí ó fi sá wá sí abẹ́ àga mi. Ibẹ̀ náà ni eyín iwájú Táíwò ti yọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí alángbá má baà rí àlàfo náà, ó sì ju eyín sí orí òrùlé gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ṣe. Mo ní láti sọ fún wọn pé ajá pẹ̀lú ní eyín ọmọdé, méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó mú bí abẹ́rẹ́, pé bí ó bá tó ọmọ oṣù mẹ́rin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n dà, tí yóò sì fi méjìlélógójì rọ́pò wọn. Kẹ́hìndé, tí tirẹ̀ kò tí ì mì, kò bèèrè ohunkóhun. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ajá, ó ní alángbá kan ń wò ó.

Bí n bá dá ọ̀rọ̀ mi dúró níhìn-ín, òǹkàwé yóò rò pé ìyìn ni mo wá kọ, yóò sì lọ ra ọmọ ajá kan fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kù.

Ọjọ́ tí ajá náà wọlé, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta búra fún mi. Táíwò ni yóò máa fún un ní oúnjẹ, Kẹ́hìndé ni yóò máa gbá ibi tí ó bá dọ̀tí, Ìdòwú ni yóò máa bá a sùn. Ìbúra náà pé ọjọ́ mẹ́rin. Láti ọjọ́ karùn-ún ni ó ti jẹ́ pé èmi ni mò ń dìde ní agogo méjì òru láti ṣílẹ̀kùn fún un, èmi ni mò ń po oúnjẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ nítorí ikùn ọmọ ajá kò gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mò ń yọ àlùbọ́sà kúrò nínú rẹ̀ nítorí àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, tí mo sì ń gba egungun adìyẹ sísè kúrò lẹ́nu rẹ̀ nítorí a máa fọ́ ṣónṣó-ṣónṣó tí yóò sì gún un nífun. Ìyá àgbà kì í bínú púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan tí ó máa ń bi wá nígbàkúùgbà tí ó bá bá ọṣẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tìmùtìmù tí a já ni tàbí ìgbálẹ̀ tí a tú: “Ajá ta nìyí?” Bí Àkàrà bá lé alángbá jáde kúrò nínú ilé ìdáná, ajá gbogbo wa ni, bí ó bá já tìmùtìmù, kò ní olówó. Bí ọmọ bá dára, ti baba ni, bí kò bá dára, ti ìyá ni: báyìí náà ni a ṣe ajá wa, títí di ọjọ́ tí ìbéèrè náà fi di ti ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni. Wọ́n fún Àkàrà ní egungun màlúù tútù kan, ó gbé e lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, Ìdòwú sì tẹ̀lé e pé kí àwọn pín in, nítorí àkàrà ni wọ́n fi pàdé, kò sì rí ìdí tí egungun yóò fi yàtọ̀. Ó na ọwọ́. Ajá náà kùn; ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà rò pé orin ni ó ń kọ. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, ojú eyín méjì ti wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà ti gbé epo pupa. Mo ní rárá. Mo gbé ọmọ lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, mo sì fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà lábẹ́ omi tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Mo wo aago, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a máa gùn nígbà tí ọmọ bá ń ké. Lẹ́yìn náà ni a gba ilé ìwòsàn lọ. Èyí tí a kọ́kọ́ dé, n kò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà ti tán láti ìgbà tó ti pẹ́, wọ́n fẹ́ fún wa ní òògùn ìrora kí a máa lọ. A kò lọ sílé, ibòmíràn ni a gbà lọ. Ìdòwú gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó gba òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún gba òmíràn lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Ìdí ni pé Àkàrà kò tí ì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. N kò ṣe àìbìkítà. Mo ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti fún un ní òògùn aràn àti àjẹsára tí a fi ń dènà ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ó ń pa ọmọ ajá, ṣùgbọ́n ti dìgbòlugi, ó di ìgbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kò sì tí ì pé. Nítorí náà dókítà ní kí a máa ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá, nítorí ajá tí àrùn náà bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tí ó gé ènìyàn jẹ, ọjọ́ mẹ́wàá kì í kọjá kí àmì tó hàn lára rẹ̀ tàbí kí ó kú. Àwọn ìbejì mú èédú, wọ́n ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sí ògiri ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ojú ajá dáadáa. Kò sí lẹ́sìn kankan tí ó lè mú ọmọ ọdún mẹ́fà ka nǹkan pẹ̀lú irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo jí, mo bá Àkàrà níbi tí ó ti ń fa bàtà mi ti ẹsẹ̀ òsì ya. N kò dúpẹ́ nítorí bàtà tí ó ya rí àfi ọjọ́ náà.

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ àrùn náà fi hàn pé wọ́n ti fi ojú rí i: ajá tí ó ń dìgbò lu igi, tí kò mọ ọ̀nà mọ́. Wọ́n tún máa ń sọ pé bí ajá bá ń sínwín, a máa mọ ojú olówó rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn dìgbòlugi. Ajá tí ó bá ti mú kò mọ olówó, kò sì mọ ọmọ tí ó ń fún un ní àkàrà. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kí àmì tó hàn, ọṣẹ, omi àti abẹ́rẹ́ lè dá a dúró. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọkùnrin tí wọ́n gbé wá bá Pasteur, ará Faransé nì, ní oṣù Agẹmọ ọdún 1885, tí ajá ti gé jẹ káàkiri ara, tí ó sì di ẹni tí a kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára Pasteur gbà lọ́wọ́ àrùn yìí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1895 ni Pasteur kú, ọjọ́ náà ni gbogbo ayé sì ń fi rántí ọ̀ràn dìgbòlugi lọ́dọọdún. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní àrùn yìí gé jẹ, ogójì ni kò tí ì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò yà mí lẹ́nu. Ojú ọmọdé àti ẹnu ajá kò jìnnà síra, ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kíkùn àti orin. Èyí tí ó tún burú jù ni pé bí ajá bá gé e jẹ, yóò fi pamọ́ nítorí pàṣán. Ọmọ tí ajá gé jẹ tí ó sá wá sọ fún yín, ẹ má nà án. Ẹ wá ọṣẹ.

Ẹjọ́ mi kì í ṣe pẹ̀lú ọmọ ajá. Àwọn tí mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ni àwọn òbí tí wọ́n wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Èkó, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọmọ ajá méjì sí wọn ní fèrèsé ọkọ̀, tí wọ́n ná ọ̀kan bí ẹni ná gálà, tí wọ́n sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ pé, “Gbà, kí o fi ṣeré títí ilé-ìwé yóò fi wọlé.” Ajá tí a mú wọ ilé pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní baba. Oṣù Ògún ni ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀. Bí oṣù Ọwẹ́wẹ̀ bá dé, tí àwọn ọmọ ń jáde ní agogo mẹ́fà, tí eyín tí ó mú bí abẹ́rẹ́ ti di èyí tí ó ń já onírúurú nǹkan, wọn a so ó mọ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, okùn a já, a jáde, a di ara àwọn tí ń jẹ orí ààtàn kiri, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní abẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń bí irú ara wọn sí abẹ́ afárá. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá wá gé ọmọ ẹlòmíràn jẹ, gbogbo wa a ké sí ìjọba. Kí ìjọba ṣe tirẹ̀, kí abẹ́rẹ́ má tán ní ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ni ó na owó jáde ní fèrèsé ọkọ̀.

Mo ní ìsinmi ni àkókò tí ó dára jù láti mú ọmọ ajá wá sílé, nítorí ènìyàn wà nílé. Bẹ́ẹ̀ ni òun ni àkókò tí ó burú jù, bí kò bá sí àgbàlagbà kan tí ó lè dáhùn ìbéèrè Ìyá àgbà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọdé kò lè ni ajá. Ó lè fẹ́ràn rẹ̀, ó lè pín àkàrà fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ni ín ni ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ pé, tí ó ń dìde lóru, tí ó sì ń mú un kúrò nídìí bùtá àwọn tí itọ́ ajá jẹ́ èèwọ̀ fún. Mo ní aládùúgbò kan tí ó jẹ́ àáfà, a sì ti fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí Àkàrà lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé, a kò sì jà. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́wọ́ Ìdòwú, tí Ìyá àgbà tún béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo ní, “Ajá mi ni.” Kò tún bi wá mọ́.

Ìyá Ìbejì wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí Àkàrà pé oṣù mẹ́ta. Ó wo ajá, ó wo àwọn ọmọ tí wọ́n ti di mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní, “Bàbá, ṣé kí a máa gbé e lọ?” Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni wọ́n ń gbé ní Èkó, agogo márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jáde, kì í sì í sí ẹni tí ó ń wọlé kí ó tó di agogo méje alẹ́. Mo ní rárá. Ẹkún tí wọ́n sun lọ́jọ́ náà, àdúgbò rò pé ènìyàn kú. Èmi àti ajá dúró ní géètì títí ọkọ̀ fi wọ́ lọ, lọ́jọ́ kejì sì ni mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ tí ó kù.

Ní alalẹ́, bí ó bá ti di agogo mẹ́jọ, fóònù mi a dún. Ìdòwú ni. Kì í kí mi ju ẹyọ kan lọ. “Ẹ kú alẹ́, Bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sí Àkàrà létí.” Mo máa ń gbé e sí i létí.